Sinimá Ilẹ̀ Kòríà: Àgbéyẹ̀wò fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Wò Ó

Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí wọ́n kéde ní ìlú Los Angeles pé fíìmù "Parasite" tí Bong Joon-ho darí ni ó gba ẹ̀bùn Oscar tí ó ga jù lọ, ipò tí fíìmù kankan tí a fi èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kò dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀bùn náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ni ó la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń bi ara wọn pé níbo ni àwọn ará Kòríà wọ̀nyí ti yọ. Ó ti lé ní ogún ọdún kí ó tó di ọjọ́ náà tí àwọn tí ó mọ̀ ti ń wo fíìmù ilẹ̀ yìí pẹ̀lú ìyanu. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí fíìmù Kòríà fi rí bí ó ti rí, tí ẹ̀rín àti ẹkún fi ń jókòó lórí ẹní kan náà nínú rẹ̀, tí ọlọ́pàá inú rẹ̀ kì í fi í sábà mú ọ̀daràn, tí ìdílé tálákà inú rẹ̀ fi máa ń gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ láìdúró de ìjọba, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ilé tí àwọn tí ń ṣe é ti jáde wá. Èrò mi, èyí tí n ó máa wá ẹ̀rí fún bí a ti ń lọ, ni pé sinimá yìí jẹ́ ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà lábẹ́ ìjọba tí ó dì wọ́n lẹ́nu, tí ọ̀rọ̀ sì ti kún inú wọn fọ́fọ́ kí wọ́n tó tú wọn lẹ́nu.

Gúúsù Kòríà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn inú rẹ̀ fi díẹ̀ ju mílíọ̀nù 50 lọ. Láti 1910 títí di 1945 ni àwọn ará Jàpáànì fi jẹ gàba lé gbogbo ilẹ̀ Kòríà lórí, lábẹ́ wọn náà ni Na Woon-gyu sì ti ṣe fíìmù "Arirang" ní 1926, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orí rẹ̀ dàrú, tí àwọn òǹwòran rí ìrora gbogbo ilẹ̀ wọn nínú rẹ̀. Ẹ̀dà fíìmù náà kan kò kù láyé mọ́. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànì lọ, ilẹ̀ náà pín sí méjì, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá kan náà ní 1950 títí di 1953. Ìbọn dákẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà kankan títí di òní.

Láti inú àwókù ogun yẹn ni fíìmù méjì kan ti jáde tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Ọ̀kan ni "The Housemaid" tí Kim Ki-young ṣe ní 1960, ìtàn olùkọ́ orin kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi làálàá kọ́ ilé alájà méjì, tí wọ́n sì gba ọmọ ọ̀dọ̀ kan sínú rẹ̀, tí ọmọ ọ̀dọ̀ náà wá di ìdààmú fún gbogbo ilé. Àtẹ̀gùn ilé náà àti ìgò oògùn eku tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni olùdarí yìí fi dẹ́rù ba ènìyàn ju iwin èyíkéyìí lọ. Èkejì ni "Aimless Bullet" tí Yu Hyun-mok ṣe ní 1961, nípa akọ̀wé kan tí eyín ń dùn, tí kò sì kọ́kọ́ lè yọ ọ́ nítorí owó tí yóò fi yọ eyín ni owó tí ìdílé rẹ̀ fi ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ tí ogun ti dà lórí rú dùbúlẹ̀ sínú ilé tí ó ń kígbe pé kí àwọn máa lọ. Ní ọdún yẹn gan-an ni ọ̀gágun Park Chung-hee dìtẹ̀ gba ìjọba, tí àwọn aláṣẹ sì gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù náà, nítorí wọ́n ní ta ni ó mọ̀ bóyá Àríwá Kòríà ni ìyá arúgbó náà ní kí àwọn máa lọ.

Ibẹ̀ ni ìdínà bẹ̀rẹ̀. Ní 1962 wọ́n ṣe òfin fíìmù tí ó fi gbogbo iṣẹ́ náà sábẹ́ ìjọba: wọ́n ń ka ìwé ìtàn kí a tó ya àwòrán, wọ́n tún ń wo àwòrán kí ó tó dé ilé sinimá, ohun tí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀bẹ ni wọ́n ń fi bá a wí. Nígbà tí wọ́n pa Park Chung-hee ní 1979, ológun mìíràn, Chun Doo-hwan, ni ó tún gorí àlééfà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 sì ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yìnbọn pa àwọn ará ìlú Gwangju tí wọ́n jáde láti béèrè ìjọba àwa-ara-wa. Kò sí fíìmù kan tí ó lè mẹ́nu kan Gwangju fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kí a tó kúrò ní sáà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú ìtàn tí ìbá dàbí àròsọ bí kì í bá ṣe pé gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n: ní 1978 àwọn aṣojú Àríwá Kòríà jí òṣèré obìnrin Choi Eun-hee gbé ní Hong Kong, wọ́n sì tún jí olùdarí Shin Sang-ok tí ó ti jẹ́ ọkọ rẹ̀ rí gbé tẹ̀lé e, kí wọ́n lè máa ṣe fíìmù fún Kim Jong-il, ọmọ olórí Àríwá Kòríà, ní Pyongyang, ó di 1986 ní ìlú Vienna kí àwọn méjèèjì tó rí ọ̀nà sá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ojú títì ní oṣù kẹfà ọdún 1987, tí ìjọba ológun sì gbà láti jẹ́ kí ìlú dìbò yan ààrẹ, ìrètí sọ jí nínú àwọn oníṣẹ́ sinimá, ṣùgbọ́n ìdààmú mìíràn ni ó kọ́kọ́ kàn wọ́n. Ní 1988 ni wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà láyè láti máa fúnra wọn gbé fíìmù wọn wá sí ilé sinimá Kòríà láìgba ọwọ́ ọmọ onílẹ̀ kankan, inú sì bí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi tú ejò sílẹ̀ nínú ilé sinimá tí ó ń fi fíìmù Amẹ́ríkà hàn. Ohun tí ó dáàbò bò wọ́n ni òfin kan tí ó ti wà láti àárín ọdún 1960 sí 1970, èyí tí ó sọ iye ọjọ́ tí ilé sinimá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi fíìmù ilẹ̀ Kòríà hàn lọ́dún. 146 ni iye náà nígbà tí à ń sọ yìí. Bí Amẹ́ríkà ti ń rọ ìjọba láti pa òfin yìí rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùdarí àti òṣèré ń jáde sí gbangba, tí wọ́n ń fá irun orí wọn níṣojú gbogbo ayé ní 1999 láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé ọjà ni kí ó máa yan èyí tí ó dára. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tí kò tíì rìn, a kì í bá a sáré ìje kí a sì pe ara wa ní aláìṣègbè.

Ìjọba fúnra rẹ̀ wá jí. Ní 1994 wọ́n gbé ìwé kan síwájú ààrẹ Kim Young-sam, nínú èyí tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé owó tí fíìmù kan ṣoṣo, "Jurassic Park", pa wọlé tó èrè orí ọkọ̀ Hyundai mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń tún sọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi Samsung àti Daewoo ti ń dá owó sínú fíìmù, ilé-ẹ̀kọ́ sinimá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984 ti ń tú àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọṣẹ́ jáde, Im Kwon-taek sì ti fi hàn ní 1993 pé àwọn ará ilé kò tíì kẹ̀yìn sí ohun tiwọn, nígbà tí "Seopyeonje", ìtàn àwọn akọrin pansori tí ń rìn kiri abúlé láti fi orin àtijọ́ wá oúnjẹ òòjọ́, di fíìmù Kòríà àkọ́kọ́ tí ó kó òǹwòran mílíọ̀nù kan jọ ní ìlú Seoul nìkan. Ní ìparí gbogbo rẹ̀, ọdún 1996 ni mo kà sí ọjọ́ ìbí sinimá òde òní ní Kòríà, nítorí ní ọdún yẹn ni ilé-ẹjọ́ tí ń túmọ̀ òfin ilẹ̀ náà dá a pé kí ìjọba máa gé fíìmù kí ó tó jáde lòdì sí òfin, ọdún yẹn náà ni àjọ̀dún fíìmù ńlá ti ìlú Busan bẹ̀rẹ̀, tí àwọn olùdarí tuntun bíi Hong Sang-soo àti Kim Ki-duk sì gbé iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ síta.

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí n dáhùn. Àwọn kan ní fíìmù ìbọn àti ìjà ni ó kọ́kọ́ mú owó wọlé, wọ́n sì ní kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ìrora ìlú. Òótọ́ ni pé "Shiri" tí Kang Je-gyu ṣe ní 1999, tí ó ṣẹ́gun "Titanic" ní iye òǹwòran ní Kòríà, kún fún ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ìtàn ìfẹ́ láàárín amí Àríwá àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Gúúsù ni, ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sọ ní ọdún mẹ́wàá sí ìgbà náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Park Chan-wook gbé "Joint Security Area" jáde, nípa àwọn sójà ìhà méjèèjì tí wọ́n ń ṣọ́ ààlà ní Panmunjom, tí wọ́n ń yọ́ rékọjá lóru láti jọ ṣeré ọmọdé, tí ti Gúúsù sì ń fún ti Àríwá ní àkàrà òyìnbó oníṣokoléètì jẹ. Òpin wọn kò dára, kò sì lè dára. Ẹni tí ó bá wo eré yìí títí dé àwòrán ìkẹyìn láìsí omi lójú, ọkàn rẹ̀ le púpọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé fíìmù wo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀, "Memories of Murder" tí Bong Joon-ho ṣe ní 2003 ni n ó sọ, n kò sì ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn rẹ̀ wá láti inú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Hwaseong láàárín 1986 sí 1991, níbi tí apànìyàn kan ti ń pa àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ kò bà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀, pápá ìrẹsì tí ó ti pọ́n rúsúrúsú ni a rí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìgbèríko kan tí Song Kang-ho ṣe sì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ oko bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sínú gọ́tà oníkọnkéré ní ẹ̀gbẹ́ oko, òkú obìnrin ni ó rí níbẹ̀ tí a ti di lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kékeré kan jókòó lórí gọ́tà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí bá sọ, ọmọ náà ń sín in jẹ. Ẹ̀rín pa wá, ojú sì tì wá pé a rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ sí i, wọ́n rí ipasẹ̀ apànìyàn lórí erùpẹ̀, kí wọ́n tó rí ẹni dáàbò bò ó, katakata gun orí rẹ̀ kọjá. Ohun tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. N kò mọ ẹni tí ó gbé òwe yìí sínú àwòrán bí olùdarí yìí ti gbé e.

Ẹ wo bí ó ti fi ìjọba ológun sínú ìtàn náà láìpariwo. Àwọn ọlọ́pàá ń lu aláìṣẹ̀ títí yóò fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, wọ́n á sì tún jókòó tì í, wọ́n á jọ máa jẹun, wọ́n á jọ máa wo eré ọlọ́pàá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní alẹ́ tí òjò ń rọ̀ tí gbogbo àmì fi hàn pé apànìyàn yóò jáde, ọ̀gá wọn tẹ ìpè láti tọrọ ọmọ ogun tí yóò ṣọ́ agbègbè náà, wọ́n dá a lóhùn pé kò sí ẹnì kan nílẹ̀, gbogbo wọn ti lọ tú àwọn tí ń ṣe ìwọ́de ká. Wọ́n fi ìlú sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Ní òpin, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin yìí ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó padà wá yọjú sínú gọ́tà yẹn, ó sì gbé ojú sókè tààrà wo àwa òǹwòran, bí ẹni pé ó ń wá apànìyàn náà láàárín wa. Ní 2019 ni àyẹ̀wò DNA fi ọwọ́ ba ẹni tí ó ṣe é, tí ó ti wà lẹ́wọ̀n fún ìpànìyàn mìíràn láti àwọn ọdún 1990. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 sì ni ilé-ẹjọ́ dá ọkùnrin kan láre, ẹni tí ó ti fi nǹkan bí ogún ọdún ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀kan nínú àwọn ìpànìyàn wọ̀nyẹn, tí ó jẹ́ pé ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́ tí ó fi jẹ́wọ́. Ohun tí fíìmù náà fi hàn wá ní 2003 ni kóòtù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọdún 17.

Ní ọdún 2003 kan náà, ọdún tí ó kún fún oore bẹ́ẹ̀, ni "Oldboy" jáde láti ọwọ́ Park Chan-wook, tí ó gba ẹ̀bùn kejì ní àjọ̀dún Cannes ní 2004. Wọ́n ti ọkùnrin kan mọ́ yàrá fún ọdún 15 láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, wọ́n sì tún dá a sílẹ̀ láìsọ ìdí. Gbogbo ayé ni ó ń sọ̀rọ̀ ìjà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Choi Min-sik ti fi òòlù kan ṣoṣo dojú kọ ọ̀pọ̀ jàǹdùkú tí kámẹ́rà sì ń tẹ̀lé e ní ẹ̀gbẹ́ láìgé rárá, tí a rí i bí ó ti ń rẹ̀ ẹ́, tí ó ń mí hẹlẹ, tí ó ń ṣubú tí ó ń dìde. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni. Síbẹ̀ n kì í gba ẹni tuntun níyànjú láti ibí bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní gba ọmọdé láyè láti wò ó rárá, nítorí ìwà ìkà àti èèwọ̀ inú rẹ̀ lè mú kí ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ Kòríà mọ̀ ọ́n tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Park Chan-wook ti dàgbà sí i, kí ó lọ wo "Decision to Leave", tí ó fi gba ẹ̀bùn olùdarí tí ó dára jù ní Cannes ní 2022: ọlọ́pàá kan àti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, ìfẹ́ wọn kò kọjá ìwò ojú àti ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì gbóná ju gbogbo ìjà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

Èmi fúnra mi, Lee Chang-dong ni mo fi ṣe olórí gbogbo wọn. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni kí ó tó di olùdarí, ó sì ṣe mínísítà fún àṣà ilẹ̀ náà láàárín 2003 sí 2004. Fíìmù rẹ̀ "Peppermint Candy", tí ó jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2000, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: ọkùnrin kan dúró lójú irin ní 1999, ó kígbe pé òun fẹ́ padà sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀, ìtàn náà sì padà sẹ́yìn lóòótọ́, láti ìṣubú okòwò rẹ̀ dé ìgbà tí ó jẹ́ ọlọ́pàá tí ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóró ní 1987, dé Gwangju ní 1980 níbi tí òun, ọmọ ogun kékeré tí ẹ̀rù ń bà, ti yìnbọn pa ọmọbìnrin kan láìmọ̀ọ́mọ̀, títí dé 1979 tí ó jókòó létí odò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ tí ó fẹ́ràn òdòdó. A ti kórìíra rẹ̀ kí a tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí a sì mọ̀ ọ́n tán, kò sí ohun tí a lè ṣe fún un mọ́.

"Poetry", tí ó ṣe ní 2010 tí ó sì gba ẹ̀bùn ìtàn kíkọ ní Cannes, tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Yoon Jeong-hee, òṣèré tí ó ti gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1960, tí kò sì ṣe fíìmù fún nǹkan bí ọdún 16, ni ó ṣe ìyá àgbà tí àìsàn ìgbàgbé ń bọ̀ wá bá, tí ó lọ ń kọ́ bí a ti ń kọ ewì, tí ó sì gbọ́ pé ọmọ ọmọ òun wà nínú àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n fipá bá ọmọbìnrin ilé-ìwé wọn lò pọ̀ títí tí ó fi bẹ́ sódò. Àwọn baba àwọn ọmọ yòókù kó ara wọn jọ sí ilé oúnjẹ, ohùn wọn rọ̀, wọ́n ń ṣírò iye tí olúkúlùkù yóò dá láti fi pa ìyá ọmọ tí ó kú lẹ́nu mọ́. Ìyá àgbà dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó jáde lọ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òdòdó, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pariwo nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó yẹn wúwo lọ́kàn mi ju ibojì lọ.

Hong Sang-soo ń ṣe fíìmù kékeré tí kò náni lówó púpọ̀, nínú èyí tí àwọn olùkọ́ àti olùdarí eré máa ń mutí tí wọ́n sì máa ń sọ ohun tí ọtí bá fà wá sí ẹnu. Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò gbádùn rẹ̀. Im Kwon-taek, àgbà gbogbo wọn, tí ó ti ń darí fíìmù láti 1962, ni Cannes fún ní ẹ̀bùn olùdarí ní 2002. Ní ti Kim Ki-duk tí ó kú ní Latvia ní 2020, "Spring, Summer, Fall, Winter... and Spring" rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ fi ẹ̀sùn ìwà ipá kàn án, n kò sì lè yin iṣẹ́ rẹ̀ láìmẹ́nu kan wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Bong. Ní 2006 ni ó ṣe "The Host", ìtàn ẹran abàmì tí ó jáde láti inú odò Han, tí ó wá láti inú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2000 nígbà tí wọ́n da oògùn olóró láti àgọ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà sínú gọ́tà tí ó ṣàn lọ sí odò náà. Òǹwòran tí ó ju mílíọ̀nù 13 ni ó wò ó. Nínú "Parasite", tálákà mẹ́rin ń gbé yàrá tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀tàn wọ ilé olówó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa a máa wí pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Òjò inú fíìmù yìí mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ilé tálákà. Bí ó ti ń rọ̀, àwọn tálákà náà sá jáde láti ilé orí òkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn kan bọ́ sí òmíràn, omi sì ń bá wọn sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé yàrá wọn tí ó sì mù ún dé àyà. Ní òwúrọ̀, ìyàwó olówó ń dúpẹ́ lórí fóònù pé òjò náà fọ ojú ọ̀run mọ́. Ní oṣù kẹjọ 2022, òjò rọ̀ ní Seoul, ìdílé kan sì kú sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bong kò fi bò pé àtẹ̀gùn inú "The Housemaid" ti 1960 ni òun kọ́ ti òun mọ́. Òṣèré àgbà Youn Yuh-jung náà, nígbà tí ó gba Oscar ní 2021 fún fíìmù Amẹ́ríkà tí ó sọ ìtàn ìdílé Kòríà kan, dárúkọ Kim Ki-young, ẹni tí ó kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ nínú fíìmù, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ olóògbé náà.

Kò yẹ kí a gbàgbé àwọn obìnrin. Park Nam-ok, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí fíìmù ní Kòríà, pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó ń ṣe "The Widow" ní 1955. Òun kan ṣoṣo náà ni fíìmù tí ó rí ṣe láyé rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀nà tó là fún àwọn tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n "House of Hummingbird" tí Kim Bora ṣe ní 2018 tó ohun tí a lè fi ṣe ẹ̀rí pé ó ti ń là: ọmọbìnrin ọdún 14 kan ní 1994, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń lù, tí kò sí ẹni tí ó fetí sí i àfi olùkọ́ kan, títí di òwúrọ̀ tí afárá Seongsu já sódò ní Seoul, tí ènìyàn 32 kú. Ìdàgbàsókè tí wọ́n fi ń yangàn ni afárá náà.

Fíìmù ẹ̀mí àìrí náà wà. "The Wailing" ti 2016 àti "Exhuma" ti 2024, tí òǹwòran tí ó lé ní mílíọ̀nù 11 lọ wò, kún fún àwọn abọrẹ̀ tí ń jó títí ẹ̀mí fi ń gùn wọ́n, fún ẹbọ, fún ibojì tí a kò gbé síbi tí ó yẹ. Òǹkàwé Yorùbá kò ní nílò alátúmọ̀ fún wọn. Nínú "Exhuma", ohun tí ó wà lábẹ́ ibojì náà ni àwọn ará Jàpáànì rì síbẹ̀ nígbà ìjẹgàba wọn, ọgbẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn pẹ̀lú rẹ̀.

Nǹkan kò rọgbọ fún wọn lónìí. Ní 2006, nítorí àdéhùn òwò pẹ̀lú Amẹ́ríkà, ìjọba gé ọjọ́ 146 sí 73. Nítorí èyí, Choi Min-sik dá ẹ̀bùn ọlá tí ìjọba fún un padà. Ilé-iṣẹ́ bíi CJ àti Lotte ni ó ń ná owó sórí fíìmù tí wọ́n sì tún ni ilé sinimá, nítorí náà fíìmù ńlá kan lè gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbọ̀ngàn sinimá ìlú ní ọjọ́ kan, kí ti ọ̀dọ́ olùdarí má rí àyè ju aago méje òwúrọ̀ lọ. Lábẹ́ ààrẹ Park Geun-hye, wọ́n kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ìjọba kò fẹ́ sínú ìwé ìkọ̀kọ̀, Bong Joon-ho, Park Chan-wook àti Song Kang-ho wà nínú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní 2019 ju mílíọ̀nù 220 lọ. Láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, iye tí wọ́n ń tà lọ́dún kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù tí ó ń bà mí ni pé àwọn tí ó mú 1996 wá ti di àgbà, àwọn tí ìbá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn sì ń lọ ṣe eré ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ fún Netflix, níbi tí owó wà.

Ẹni tuntun, kí o wò wọ́n báyìí: "Memories of Murder", lẹ́yìn rẹ̀ "Joint Security Area", kí o tó wá kan "Parasite", kí "Peppermint Candy" àti "Poetry" tẹ̀lé e nígbà tí ojú rẹ bá ti là sí ìtàn ilẹ̀ náà. Má ṣe wo èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bò. Ohùn Song Kang-ho jẹ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, ka ìtumọ̀ tí ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, kò ní pẹ́ kí ojú rẹ mọ́ ọn. Rántí pé orúkọ ìdílé ni wọ́n ń pè ṣáájú, Bong àti Park àti Lee, orúkọ àbísọ ni ó ń gbẹ̀yìn. Ní ti àwọn fíìmù àtijọ́, Korean Film Archive, àjọ tí ń tọ́jú wọn ní Seoul, ti gbé ọ̀pọ̀ sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Aimless Bullet", èyí tí àwọn ológun gbẹ́sẹ̀ lé ní 1961, wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní dátà lórí fóònù rẹ̀ lè wò ó lálẹ́ òní.